“I did not saw you”: níbo ni mo ti ṣìnà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa. Aránṣọ ni mí ní Tanke, nílùú Ìlọrin. Àwọn ọmọ yunifásítì àti àwọn olùkọ́ wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, Gẹ̀ẹ́sì la sì ń kọ síra wa lórí WhatsApp. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ èyí sí ọ̀kan nínú wọn: “Good morning ma. I did not saw you on Monday. I have sew the cloth yesterday and I gave your brother. She paid me but I was looking your change till evening.” Ọmọ mi kà á, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kò sí èyí tó tọ́ níbẹ̀. Wọ́n sì kọ́ wa níléèwé pé bí nǹkan bá ti kọjá, “see” á di “saw”. Kí ló wá burú níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ọmọ yín bù mọ́ ọn. “Good morning ma” tọ́, oníbàárà yín náà sì mọ ohun tí ẹ ń sọ. Yorùbá ló wà nídìí àwọn àṣìṣe yòókù, ẹ ó sì rí i fúnra yín.

Ẹ jẹ́ ká mú “saw” ná. Lédè wa, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà nítorí àkókò. “Mo rí yín”, “mo máa rí yín”, “n kò rí yín”: “rí” kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, ara ọ̀rọ̀-ìṣe ló fi ń ru àkókò, ohun tí wọ́n kọ́ yín níléèwé nìyẹn. Ohun tí wọn kò tẹnu mọ́ ni pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń ru ẹrù yẹn nínú gbólóhùn. Bí “did” bá ti wọlé, ì báà jẹ́ láti fi sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀ tàbí láti fi béèrè, òun ló gbé ẹrù àná. “See” á máa rìn lọ́wọ́ òfo. “I did not see you.” “Did you see me?” Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lẹ́yìn “to”: “I came to see you.” Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC pàápàá ṣì ń kọ “did not went” fún mi, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí tiyín kó ìtìjú bá yín.

“Mo ti rán an” ló bí “I have sew”. Ìrísí kẹta ni “have” ń bá rìn: sew, sewed, sewn, see, saw, seen. Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó kàwé dáadáa ń jìn sí. Ẹ lè sọ pé “mo ti rán an lánàá”, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí “have” àti “yesterday” jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bí ẹ bá ti dárúkọ ọjọ́ tó ti lọ, ẹ lé “have” jáde: “I sewed it yesterday.” “Cut” tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ kì í yí padà rárá, kò sí “cutted”.

Bí ẹ bá sọ pé “mo ti fún ẹ̀gbọ́n yín”, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí lẹ fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì á béèrè. “I gave it to your brother.”

Ẹ̀gbọ́n náà ọkùnrin ni, ẹ wá pè é ní “she”. “Ó” wa ló fà á: kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, kò tilẹ̀ mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí ẹ dárúkọ. Ẹ má sì fi “they” bọ̀wọ̀ fún un bí a ṣe ń lo “wọ́n”, oníbàárà yín á rò pé ènìyàn méjì ló wá.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni “looking your change”. “Wá” dá dúró ní Yorùbá: mo ń wá ṣéńjì yín. “Look” kò lè dá a ṣe, àfi kí “for” tẹ̀lé e. “Look at” ni wò, “look for” ni wá, “look after” ni tọ́jú. Nígbà mìíràn, àwa la ní ọ̀rọ̀ kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́. A jíròrò nípa rẹ̀: “We discussed it”, kò sí “about”. Mo béèrè fún un: “I requested it”, kò sí “for”. Ó sọ fún mi: “He told me”, àmọ́ “He said to me”.

Níbo wá ni “it” ń jókòó? Iṣẹ́ yín gan-an ló máa là á yé wa. Bí gáùn bá tóbi, ẹ dín in kù: “I took it in.” Oníbàárà wọ̀ ọ́ wò: “She tried it on.” Ẹ wo Yorùbá ibẹ̀ dáadáa: dín in kù, wọ̀ ọ́ wò, bà á jẹ́, gbà á gbọ́. Àárín ni tiwa náà ń wọ̀! Nítorí náà “took in it” gbọ́dọ̀ máa dun etí yín bí “dínkù ú”. Ṣùgbọ́n “I looked for it”, “I waited for him”: ìparí ni. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ fi orúkọ nǹkan náà sáàárín. “I took the gown in” ń lọ geere, nítorí náà àárín ni “it” ń gbé. “I looked the change for” kò ṣeé gbọ́ sétí, nítorí náà ẹ gbé “it” sẹ́yìn.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́: “Good morning ma. I did not see you on Monday. I sewed your iro and buba yesterday and gave them to your brother. He paid me, but I was looking for your change till evening.”

Mo yọ “the cloth”. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní yáàdì lọ́jà, tàbí òfì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ahunṣọ, ni “cloth”. Bó bá ti kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ yín, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́.