Táyà kọ́ ló ń pa orúnkún ẹ, wo òpó síìtì ẹ ná

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ tó o kọ. O ní táyà 23, ìyẹn èyí tó fẹ̀ tó 23 mm, ló wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹ, pé tó o bá ti bá ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ jáde lọ sọ́nà jíjìn, iwájú orúnkún ọ̀tún ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ẹ́, ẹnì kan wá ní kó o ra táyà 28 torí kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbọ̀n jù, o wá ń béèrè pé ṣé òótọ́ ni, àti pé irú èwo gan-an ni kó o rà.

Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kówó tó jáde lápò ẹ: táyà ò ní í wo orúnkún sàn. Táyà 28 máa ga ju 23 lọ ní nǹkan bíi 5 mm, àmọ́ gbogbo kẹ̀kẹ́ ló máa gbé sókè pa pọ̀, síìtì á gòkè, pẹ́dà náà á gòkè, àyè tó wà láàárín méjèèjì ò ní í yí padà rárá. Inú àyè yẹn gan-an sì lọ̀rọ̀ orúnkún wà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ojú mi rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Tèmi náà, iwájú ló ti bẹ̀rẹ̀. Tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, kò sí nǹkan kan, mò ń wa kẹ̀kẹ́ mi geere, mò ń bá àwọn èèyàn tàkúrọ̀sọ. Tó bá ti tó ìdajì ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí lábẹ́ egungun róbótó tó wà lójú orúnkún yẹn, díẹ̀díẹ̀ ni lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà tá a bá fi máa ṣẹ́rí padà, gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ pẹ́dà wálẹ̀ ni mo máa ń wa eyín pọ̀. Tí mo bá wá délé, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè dojú kọ àtẹ̀gùn kí n sọ̀ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń sọ̀, ẹsẹ̀ kan á kọ́kọ́ balẹ̀, màá wá fa ìkejì tẹ̀ lé e, ọwọ́ mi á wà lára ògiri. Mi ò lè lóṣòó. Mi ò lè kúnlẹ̀. Tí mo bá sùn tí mo ká ẹsẹ̀ yẹn kò fúngbà díẹ̀, àtinà á padà di ogun, màá fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú kí n tó lè nà án. Tó bá ṣe díẹ̀ á tún rọlẹ̀, màá rò pé ó ti lọ nìyẹn, màá tún bá wọn jáde, ó tún dé! Ohun tó ń dunni jù nípa ẹ̀ nìyẹn, pé ó máa ń tan èèyàn.

Mo lọ rí dókítà. Wọ́n yà mí ní X-ray, ó ní egungun mi ò ṣe nǹkan kan, ó wá ní kí n fi kẹ̀kẹ́ gígun sílẹ̀. Ó parí. Kò bi mí bóyá iwájú orúnkún ni àbí ẹ̀yìn, kò bi mí bóyá àtìbẹ̀rẹ̀ ìrìn ló ti ń dùn mí àbí ìparí, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn méjèèjì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Inú bí mi débi tí mi ò lè sọ̀rọ̀. Èèyàn wá sọ́dọ̀ ẹ pé ohun tóun fẹ́ràn ń pa òun lára, o ní kó jù ú nù, irú ìtọ́jú wo nìyẹn? Mi ò sọ pé kó o má lọ rí dókítà o. Tí orúnkún bá wú, tó gbóná, tó ń há, tàbí tó ń dùn ẹ́ nígbà tó o jókòó jẹ́ẹ́, lọ kíákíá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé orí kẹ̀kẹ́ nìkan ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹnì kejì tí mo lọ bá ni ọ̀gá kan tó ń bá èèyàn wọn kẹ̀kẹ́ mọ́ra. Ó ní ẹ̀rọ, ó ní kámẹ́rà, ó ní iná pupa tó ń fa ìlà sára èèyàn, ó lẹ nǹkan mọ́ ìbàdí mi, ó lẹ ẹ́ mọ́ orúnkún, ó lẹ ẹ́ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ojú ẹ̀ ò kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó yọ irin tó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi dúró, ó fi èyí tó kúrú sí i, ó tà mí ní síìtì tuntun, ó tà mí ní ìtẹ́bàtà, ó yí kílíìtì abẹ́ bàtà mi, ìyẹn nǹkan tó ń de bàtà mọ́ pẹ́dà, ó gbé síìtì sókè, ó kọ ìwọ̀n ẹ̀ sínú ìwé. Mo padà lọ pé orúnkún ṣì ń dùn mí. Ó tún wọn síìtì, ó bá a pé ó lọ sílẹ̀ ju bó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ara ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ o, ohun tó sọ ni pé mo ti lọ fọwọ́ kàn án nílé! Mo ní mi ò fọwọ́ kàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbé e sókè, ó wá ní ẹsẹ̀ mi kan kúrú ju ìkejì lọ, ó fi nǹkan sábẹ́ bàtà kan. Báyìí ni ẹ̀yìn mi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí pẹ̀lú orúnkún. Nọ́ńbà tó máa fún un ní ìdáhùn wà níwájú ẹ̀, ọwọ́ òun fúnra ẹ̀ ló fi kọ ọ́, kò gbà á gbọ́ torí pé ẹnu oníbàárà ló ti jáde.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa ló rí i. Ó wà lẹ́yìn mi lójú ọ̀nà, ó ní nígbà tá a gbéra orúnkún mi ń lọ tààrà sókè sódò, pé nísinsìnyí méjèèjì ti ń ya síta bíi ti ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ó ní síìtì mi ń wálẹ̀. Kí n tó tún jáde, ó ní kí n gbé síìtì padà sí ìwọ̀n tó yẹ, kí n wá fi téèpù dúdú tàwọn oníná yí òpó síìtì, ìyẹn ọ̀pá tó gbé síìtì dúró, po níbi tó ti wọnú férémù, kí etí téèpù kan ẹnu férémù pẹ́kípẹ́kí. Nígbà tá a dé, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ a wò ó. Ẹnu férémù ti gbá téèpù yẹn jọ sókè, ó ti wún, ó ti ká lé ara ẹ̀ lórí, òpó sì ti wọlé tó ìbú ìka kan. A fa òpó yẹn yọ, gíríìsì ló kún un látòkè délẹ̀, ó ń dán yinrin. Kábọ̀n ni òpó mi o, kì í ṣe irin! Mẹkáníìkì tó bá mi tú kẹ̀kẹ́ palẹ̀ kó tó di pé gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló fi gíríìsì pa á.

Gbọ́ eléyìí dáadáa. Òpó irin tó wọnú férémù irin, gíríìsì dáa fún un, kò ní í jẹ́ kó há síbẹ̀. Òpó kábọ̀n, rárá. Ó ní ọ̀rá tiẹ̀ tó ní ìyẹ̀pẹ̀ kéékèèké nínú, òun ló ń jẹ́ kó di ara mú láìjẹ́ pé èèyàn fún bóòtù pa. Torí tó o bá ní kó o fún bóòtù le kó má bàa yọ̀, kábọ̀n á sán, tó bá sì sán nígbà tó o wà lórí ìrìn, ìdí lo máa fi mọ̀. Wo ara ibi tí bóòtù wà, wọ́n sábà máa ń kọ bó ṣe yẹ kó o fún un le tó síbẹ̀, bíi 5 Nm, yá sípánà tó ń ka agbára, má fi ọwọ́ méfò. Tún wo ìlà tí wọ́n fà sára òpó pé kó má jáde kọjá ibẹ̀, ìlà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kó o sì rí i pé ìwọ̀n òpó bá férémù mu, 27.2 mm ni 27.2 mm, ẹni tó bá ní 27.0 náà á ṣe é, á kàn máa rọra wálẹ̀ ni, ọ̀tá ẹ lonítọ̀hún.

Nítorí náà, kó o tó ra ohunkóhun, lọ lẹ téèpù. Tí kò bá wálẹ̀, ó lè jẹ́ pé síìtì ẹ ti lọ sílẹ̀ jù látìbẹ̀rẹ̀. Wọn ẹsẹ̀ ẹ látàárín itan dé ilẹ̀ láìwọ bàtà, kó o fi ìwé kan tì í sókè dáadáa, ìlọ́po 0.883 ẹ̀ ni kó jẹ́ láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí dé orí síìtì. Tí ẹsẹ̀ ẹ bá jẹ́ 82 cm, á máa lọ sí bíi 72.4 cm. Ibẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe òfin, 2 tàbí 3 mm ni kó o máa fi gbé e lẹ́ẹ̀kan, kó o gùn ún wò kó o tó tún fọwọ́ kàn án. Ní gbogbogbòò, tí iwájú orúnkún bá ń dùn ẹ́, síìtì lọ sílẹ̀ jù tàbí ó ti lọ síwájú jù. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, síìtì ga jù. Kílíìtì náà, rí i pé kò yí ẹsẹ̀ ẹ sódì, ìyẹn ò le.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí kó o mẹ́nu bà, gíà. Ẹgbẹ́ ń sáré, ìwọ ò fẹ́ ṣẹ́yìn, o wá ń ti gíà tó wúwo. Ìyẹn nìkan tó láti ba orúnkún jẹ́. Lo gíà tó fúyẹ́, jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa yí kíákíá, ìyípo 80 sí 90 láàárín ìṣẹ́jú kan dáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Fara pa mọ́ sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú, afẹ́fẹ́ ò ní í fi bẹ́ẹ̀ dà ọ́ láàmú, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí táyà iwájú ẹ wọ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ẹ̀ láéláé. Tó bá kàn yà díẹ̀ tí táyà méjèèjì kanra, ìwọ tó o wà lẹ́yìn lo máa ṣubú, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ á sì gùn ẹ́ kọjá. Má tẹ bíréèkì lójijì, tó o bá rí kòtò, pariwo ẹ̀ kó o nawọ́ sí i. Tí orúnkún bá sì ti bẹ̀rẹ̀, sọ fún wọn kó o rọra máa bọ̀, ẹgbẹ́ tí ò bá lè dúró de èèyàn, wá òmíràn.

Má bínú o, táyà lo béèrè. 28 dáa, èmi náà ò tún padà sí 23 mọ́. Ara á fúyẹ́ ẹ lójú ọ̀nà tí ò dáa, ọwọ́ ò ní í tètè kú, kò sì ní í mú kẹ̀kẹ́ ẹ lọ́ra lójú ọ̀nà tó rí págunpàgun. Àmọ́ nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀gbẹ́ táyà ni kó o wò, kì í ṣe èyí gàdàgbà. 28-622 ni kó o wá: 28 ni fífẹ̀ ẹ̀ ní mm, 622 ni ìwọ̀n ibi tó ti jókòó lára ríìmù. Torí táyà tí wọ́n kọ 700C gàdàgbà sí, 622 ni, ti àtijọ́ tí wọ́n kọ 27 sí, 630 ni, tó o bá gbé wọn síra, ojú ò lè tètè mọ ìyàtọ̀, àmọ́ ọ̀kan ò wọ ríìmù èkejì. Kó o tó rà á, wo àyè tó wà lábẹ́ bíréèkì àti lára férémù, 4 mm ó kéré tán ni èmi máa ń fi sílẹ̀ yíká, ríìmù tó bá fẹ̀ sì lè jẹ́ kí táyà 28 fẹ̀ tó 30.

Afẹ́fẹ́ náà, tó o bá ń fẹ́ 23 dé 100 psi, má ṣe fẹ́ 28 débẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó ẹ ṣòfò. Èmi tí mo wọ̀n bíi 75 kg, 75 psi ni mo máa ń fẹ́ ti ẹ̀yìn, ti iwájú á dín díẹ̀. Tí ríìmù ẹ bá jẹ́ irú èyí tí ò ní ìkọ́ létí, 5 bar ni òpin ẹ̀, ìyẹn 72.5 psi, má kọjá ẹ̀, kó o sì rí i pé táyà náà gbà kí wọ́n lò ó fún irú ríìmù bẹ́ẹ̀. Tó o bá ní mítà tó ń ka ìyípo táyà, yí nọ́ńbà inú ẹ̀, ìyẹn bí táyà ṣe gùn tó yíká ní mm, láti 2096 ti 23 sí 2136 ti 28, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrìn ẹ á máa kéré lójú ẹ̀.

Kọ nọ́ńbà tó wà lára táyà ẹ àti ohun tí wọ́n fi ṣe òpó síìtì ẹ síbí, bóyá irin ni àbí kábọ̀n. Tó o bá ti lẹ téèpù, ya fọ́tò ẹ̀ kó o tó jáde àti lẹ́yìn tó o bá dé, ká lè bá ẹ wò ó.