Ẹ má lé e jáde nílé

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú ìdààmú ọkàn. Ẹ kọ̀wé pé ọmọ yín, ọmọ ọdún 16 tó wà ní SS2, ti lóyún oṣù mẹ́rin fún ọmọkùnrin ọdún 23 kan tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà. Bàbá rẹ̀ ní kó kó ẹrù rẹ̀, kó lọ bá ẹni tó fún un lóyún. Aládùúgbò yín kan sì ti gbé àgbo wá pé tó bá mu ún, oyún á wálẹ̀.

Àgbo yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù lónìí. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lára ọmọ náà kó má dá, ilé-ọmọ rẹ̀ lè kẹ̀, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó bá sì là á já lè máà rí ọmọ bí mọ́. Bó bá ti mu nínú rẹ̀, tí inú ń run ún tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń wá, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà.

Ara ọmọ yín ṣì ń dàgbà, oyún sì ń bá a du oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún àti gìrì tó ń tẹ̀ lé e máa ń mú àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún ju àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún lọ. Ọmọ wọn lè dé láìpé oṣù, ó sì lè kéré níwọ̀n. Ìbàdí tí kò tíì gbòòrò tán lè mú kí ìrọbí pẹ́, ìrọbí tó pẹ́ láìsí ìrànwọ́ ló sì ń dá ihò sí àpò ìtọ̀, tí ìtọ̀ á máa dà lára obìnrin láìdá. Ìdí nìyí tí mo fi ní kó má ṣe bímọ sílé agbẹ̀bí ìbílẹ̀. Ọsibítù Bowen àti ti LAUTECH wà nítòsí yín. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí aboyún rí elétò ìlera ó kéré tán nígbà 8, kí àkọ́kọ́ sì wáyé kí oyún tó lé ní oṣù mẹ́ta. Ó ti pẹ́ díẹ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ yìí ni kó gba káàdì. Bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an, tí ojú rẹ̀ wú tàbí tó ń ríran bàìbàì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Ẹ bá mi bẹ bàbá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n lé lọ sí yàrá ọmọṣẹ́ wẹ́dà, ta ni yóò san owó ọsibítù rẹ̀? Kí èyí tó já lẹ́nu ọmú, òmíràn lè ti wà nínú rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ṣe tirẹ̀ ní 2006, kò gba ìgbéyàwó ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ló sì ka bíbá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sùn sí, kódà bó bá fọwọ́ sí i. Kí àwọn ìdílé méjèèjì má kàn pàdé láti fi owó orí bo ọ̀ràn yìí mọ́lẹ̀. Ẹ mú ọmọ yín wọ yàrá, ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ rọra bi í bóyá wọ́n fipá mú un. Ẹ má pariwo mọ́ ọn.

Ní ti ẹnu àwọn ará ọjà, kò sẹ́ni tó rí i dí. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Òfin kan náà ní kí wọ́n fún ọmọbìnrin tó lóyún láàyè láti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá bímọ. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ kí táàmù yìí tó parí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ máa gbé ọmọ pọ̀n lọ́sàn-án, ẹrù ńlá ni. Bí ilé-ìwé tó wà bá kọ̀ ọ́, ẹ wá òmíràn láàárín ìlú, kó ṣáà ti jókòó ṣe WAEC.