Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Bíréèkì Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí Kò Mú Dáadáa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra MGB GT kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1971, lẹ́yìn tí ó ti wà nínú gáréèjì ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bíréèkì rẹ̀ ń dẹ́rù bà mí. Pẹ́dà máa ń wọlẹ̀ jìnnà kí ó tó mú, mo sì ní láti fi agbára tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè Peak District, òórùn ohun tó ń jóná gba inú ọkọ̀, bíréèkì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi servo (ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì) sí i, èkejì ní kí n ra díìsìkì (àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà) àti kálípà (ohun tó ń fún díìsìkì mú) ńlá, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ìdíje eré sísá. Èwo ni kí n ṣe? — Òǹkàwé yín ní Birmingham.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú orí ire ọkọ̀ tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ àtijọ́. Ẹ má tíì ná owó lórí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì. Díìsìkì ló wà níwájú MGB, dúrọ́ọ̀mù (irin rìbìtì bí ìlù tó ń yí pẹ̀lú táyà) ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bí gbogbo wọn bá sì pé, wọ́n lágbára tó láti mú kí táyà dúró gbọin kí ó máa wọ́ nílẹ̀. Ibi tí bíréèkì bá ti lè ṣe èyí, táyà ló kù tí yóò pinnu ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí, kì í ṣe bí kálípà ti tóbi tó. Nítorí náà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn àmì DOT lára táyà yín, nítorí òun ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Táyà tí ó ti gbó nínú gáréèjì máa ń le, kò sì ní di títì mú bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò tíì jẹ.

Ní ti servo, ẹni tó bá ra MGB lọ́dún 1971 ní láti fi owó kún owó kí ó tó gbà á, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé ọkọ̀ yín kò ní in. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín agbára tí ẹsẹ̀ yóò lò kù. Kò sọ bíréèkì tí ń ṣàìsàn di alára líle. Bí ẹ bá fi servo sórí họ́ọ̀sì tí ó ti jẹrà àti rọ́bà tí ó ti gbó, ẹ ti fi ètè sílẹ̀ ẹ ń pa làpálàpá nìyẹn, nítorí agbára tí yóò máa ti ọ́ìlì nínú páìpù yóò tún pọ̀ sí i.

Pẹ́dà tó ń wọlẹ̀ jìnnà ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sì ni kí ẹ fura sí. Ṣúù inú rẹ̀ (èyí tó ń tẹ dúrọ́ọ̀mù láti inú kí táyà lè dúró) kì í fúnra rẹ̀ sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù bó ti ń jẹ. Orí bóòtù onígun mẹ́rin kan wà lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan tí a ó fi sípánà yí títí táyà kò fi ní lè yí mọ́, kí a tó tú u padà díẹ̀ títí yóò fi tún máa yí fàlàlà. Ọ̀pọ̀ pẹ́dà tí wọ́n ń pè ní aláìsàn ló ti gba ìwòsàn níbẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣí dúrọ́ọ̀mù, ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì ti jò sórí ṣúù. Bí ọ́ìlì bá ti rin ín, ẹ pààrọ̀ ṣúù ní apá méjèèjì, kí ẹ sì tún ibi tó ti ń jò ṣe. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú rẹ̀, nítorí asbestos, tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, lè wà nínú ṣúù àtijọ́. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Ní iwájú, ìpẹtà lè ti mú kí písítìnì inú kálípà há. Ẹ óò mọ̀ bí páàdì (ohun tí kálípà fi ń fún díìsìkì) kan bá ti jẹ ju èkejì lọ, bí ọkọ̀ bá ń fà sí apá kan, tàbí bí táyà kan bá gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ lẹ́yìn ìrìn àjò kúkúrú. Họ́ọ̀sì rọ́bà náà lè wú nínú, kí ó jẹ́ kí ọ́ìlì lọ, kí ó má sì jẹ́ kí ó padà. Bíréèkì yóò wá máa di táyà mú nígbà tí ẹ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ó lè jẹ́ èyí ló fa òórùn tí ẹ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ òkè yẹn gba àlàyé. Bí pẹ́dà bá rọ̀ bíi kànrìnkàn nígbà tí bíréèkì kọ̀, ọ́ìlì ló hó. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra: DOT 4 tuntun (irú ọ́ìlì bíréèkì kan, kì í ṣe àmì DOT ti ara táyà) kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ó lè hó ní nǹkan bí 155°C, oru tí ó sì ń jáde nínú rẹ̀ kò lè ti písítìnì bí ọ́ìlì ti ń tì í. Bí pẹ́dà bá le gbọin, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò dúró, páàdì ló gbóná jù tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń dán. Fún ti àkọ́kọ́, ẹ fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde pátápátá, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Fún ti èkejì, ẹ ra páàdì tó dára fún títì gbogboogbò. Páàdì ìdíje fẹ́ gbóná kí ó tó mú, kò sì ní ràn yín lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ tútù ní Birmingham. Bí ẹ bá tún ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ pa overdrive (jíà àfikún tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì yí díẹ̀díẹ̀) bí ọkọ̀ yín bá ní in, kí ẹ lo jíà kẹta, kí ẹ́ńjìnnì náà lè máa dá ọkọ̀ dúró.

Ìkìlọ̀ kan ṣì wà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ́ìlì ń gbà dé gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú MGB tí wọ́n tà ní Britain lásìkò yẹn. Bí páìpù kan bá bẹ́, bíréèkì ẹsẹ̀ ti lọ tán, ó ku ti ọwọ́. Páìpù irin tó bá ti ń pẹtà kò tún ní àtúnṣe. Òfin kò fi MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún ní Britain) dandan fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún láti 2018, síbẹ̀ ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò: ẹ̀rọ àwọn aṣàyẹ̀wò yóò fi agbára bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan hàn yín. Bí ẹ kò bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ àtijọ́ wà pẹ̀lú yín. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ẹsẹ̀ bá ṣì ń dùn yín, ẹ ra servo.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè da ọ́ìlì DOT 5 kún DOT 4 tó wà nínú ọkọ̀ mi? — Òǹkàwé ní Leeds.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Silicone ni DOT 5, kò sì gbọdọ̀ pò mọ́ DOT 4. DOT 5.1 ni ó bá DOT 4 mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ jọ ti DOT 5. Ẹni tó bá fẹ́ DOT 5 ní láti fọ páìpù mọ́, kí ó sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà inú sílíńdà. Àwa ò rí ìdí tó tó fún wàhálà yẹn lórí ọkọ̀ tí ẹ ń gùn déédéé.