Lẹ́ǹsì ISCO àbí Schneider fún ẹ̀rọ sinimá 35mm: ohun tójú mi rí

Ẹ̀gbọ́n tó ní àwọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ sinimá 35mm, èyí tó ń lo fíìmù gidi, lọ́wọ́ ilé sinimá kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, tí wọ́n ń béèrè pé ṣé lẹ́ǹsì ISCO ni káwọn rà àbí Schneider, àti pé ṣé òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni méjèèjì, tí wọ́n sì tún béèrè nípa lẹ́ǹsì ẹ̀rọ digital, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń yí fíìmù ní Baltimore níbí, owó mi ti wọmi lórí ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì yìí, mi ò sì fẹ́ kí tiyín náà wọmi.

Òótọ́ ni. Schneider bẹ̀rẹ̀ ní Bad Kreuznach ní Jámánì ní 1913, òun fúnra ẹ̀ ló dá ISCO sílẹ̀ ní Göttingen ní 1936, ọmọ ẹ̀ ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Kreuznach bọ́ sábẹ́ àwọn Faransé, Göttingen bọ́ sábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1982 gbèsè wọ Schneider lọ́rùn, oníṣòwò kan, Heinrich Mandermann, ló rà á. Ìgbà témi máa fi wọ iṣẹ́ yìí, bàbá àti ọmọ ti ń bára wọn du ọjà, Ultra-Star ti ISCO tó ní ara aláwọ̀ wúrà wà lápá kan, Super-Cinelux ti Schneider wà lápá kejì, àwa oníṣẹ́ sì máa ń bára wa jiyàn títí ilẹ̀ fi máa ṣú lórí èwo ló mọ́ jù. Nígbà tó yá ni iṣẹ́ lẹ́ǹsì sinimá ISCO tún padà sọ́wọ́ Schneider.

Àwọn tó kù ńkọ́? Bausch & Lomb ní Rochester ló ṣe lẹ́ǹsì CinemaScope fún ilé-iṣẹ́ fíìmù Fox ní 1953, Kollmorgen ní Northampton, Massachusetts, ló ṣe Super Snaplite, Taylor-Hobson wà ní Leicester, Kowa àti Sankor ní Japan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ọjà yẹn sílẹ̀. Ìgbà tiwa, tẹ́ ẹ bá pe àwọn tó ń ta ẹrù sinimá pé ẹ fẹ́ lẹ́ǹsì tuntun, orúkọ méjì yẹn náà ni wọ́n fi máa ń dá wa lóhùn, ó wá di ẹyọ kan.

Ohun tí ìyẹn fojú mi rí rèé. Ní 2011, lẹ́ǹsì scope (èyí tó ń na àwòrán kó lè fẹ̀ gan-an; flat ni èyí tí kì í nà á) tó wà ní yàrá kẹrin níbi iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, apá òsì síkírìnì mọ́ kedere, apá ọ̀tún ń ṣe bàìbàì. Mo tú ibi tí fíìmù ń gbà kọjá, mo tún un tò, mo pààrọ̀ irin tó ń tẹ fíìmù, mo nu gíláàsì ojú fèrèsé tinú tòde, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò sí ìyàtọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo èèyàn ti lọ, mo yọ lẹ́ǹsì ọ̀hún, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i látẹ̀yìn, mo wá rọra ń wò ó látẹ̀gbẹ́. Àṣé nǹkan kan wà láàárín gíláàsì méjì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra wọn, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó ń dán yinrinyinrin bí epo mọ́tò tó dà sórí omi òjò. Gọ́ọ̀mù yẹn ló ti ṣí. Ooru iná ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè nù ún, inú lọ́hùn-ún ló wà.

Mo pe àwọn tó tà á fún wa. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, wọn ò tún irú ẹ̀ ṣe mọ́, tuntun ni ká rà, ká sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ̀gá wa ò gbà torí wọ́n ti ń múra àtigbé digital wọlé. Mo wá fi owó ara mi ra àlòkù, $400, mo ti pinnu pé tí wọ́n bá yọ ẹ̀rọ yẹn, èmi ni màá gbé e lọ sílé. Orúkọ tó wà lára ẹ̀ ni mo tẹjú mọ́, mi ò béèrè ìwọ̀n ara ẹ̀. Nígbà tó dé, 62.5mm ni, ihò tí lẹ́ǹsì ń wọ̀ lára ẹ̀rọ wa sì jẹ́ 70.6mm, ìwọ̀n tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà níbí, 62.5 yẹn pọ̀ lára ẹ̀rọ Yúróòpù. Mo gé páànù pẹlẹbẹ, mo wé e mọ́ ọn lọ́rùn nígbà mẹ́jọ kó lè dúró. Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dáa. Nígbà tó gbóná tán páànù yẹn dẹ̀, lẹ́ǹsì yí díẹ̀, díẹ̀ báyìí ni o, àmọ́ ti scope ò dà bíi ti flat torí fífẹ̀ nìkan ló ń na àwòrán, tó bá ti yí báyìí gbogbo ohun tó dúró ṣánṣán máa dà bíi pé ó fẹ́ ṣubú. A dá owó padà fún gbogbo ìjókòó yẹn. Ó dùn mí dé ọkàn, torí ìdílé kan gbé ìyá àgbà wọn wá lọ́jọ́ náà.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ná nìyẹn. Ẹ fi caliper (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí ihò ṣe fẹ̀ tó) wọn ihò tó wà lára ẹ̀rọ yín, kẹ́ ẹ tó dé ibi orúkọ. Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ tà á tan tọ́ọ̀ṣì sí i látẹ̀yìn, kó ya fọ́tò ẹ̀ látẹ̀gbẹ́ fún yín. Tó bá ń ṣe bí òṣùmàrè láàárín gíláàsì, tàbí tó ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bíi gbòǹgbò, èyí tó jẹ́ èbu, ẹ má rà á, ìbáà jẹ́ ISCO ìbáà jẹ́ Schneider. Eruku lásán ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ tún wọn ibi tí ẹ̀rọ máa wà dé síkírìnì. Ká ní mítà 15 ni, flat 50mm (50 yìí ń sọ bí àwòrán ṣe máa tóbi tó, kì í ṣe ìwọ̀n ara lẹ́ǹsì) máa fún yín ní àwòrán tó fẹ̀ tó mítà 6.3, tó ga tó 3.4. Kí scope lè ga bákan náà, ẹ fi 1.55 sọ 50 yẹn di púpọ̀, nǹkan bíi 77mm nìyẹn, á sì fẹ̀ ju mítà 8 lọ díẹ̀. Ẹ wá méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń ya fídíò ti ń ra lẹ́ǹsì scope lọ fún kámẹ́rà wọn, wọ́n ti sọ owó ẹ̀ di ọ̀wọ́n, ó sì máa ń ṣẹ́ ku flat nìkan lọ́jà.

Digital tẹ́ ẹ tún béèrè, níbẹ̀ kò sí pé à ń ṣà, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló ń ta lẹ́ǹsì ẹ̀, ti Barco ò wọ Christie, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ digital ni méjèèjì. Látìgbà tí ilé-iṣẹ́ fíìmù Paramount ti dáwọ́ fíìmù 35mm dúró ní Amẹ́ríkà níparí 2013, ta ló tún máa dá ilé-iṣẹ́ lẹ́ǹsì 35mm sílẹ̀? Èyí tó wà nílẹ̀ yìí náà la máa lò gbó.

Ẹ kọ nọ́ńbà ihò yẹn síbí tẹ́ ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán. Ẹni tó ń gé irin bá mi gbẹ́ òrùka alumíníọ̀mù tó gbé 62.5 wọnú 70.6, ó nípọn ní mílímítà mẹ́rin yíká, kò mì rárá. Méjì ló gbẹ́, ọ̀kan ṣì wà nílé tí mi ò lò, tó bá bá tiyín mu màá fi ránṣẹ́ sí yín.