Èsì: ajá ọmọ oṣù 5 tó ń kùn mọ́ yín tó bá ń jẹun

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Ẹ ní ajá yín máa ń kùn mọ́ yín tó bá ń jẹun, pé ẹ máa ń gba abọ́ lẹ́nu ẹ̀, àwọn ọmọ sì máa ń fi pàṣán nà án. Ẹ má gba abọ́ lẹ́nu ẹ̀ mọ́, ẹ sì jọ̀ọ́ ẹ gba pàṣán yẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀rù ló ń bà á pé ẹ fẹ́ gba oúnjẹ òun, tí ẹ bá wá gbà á lóòótọ́ ẹ ti fi hàn án pé òótọ́ lòun ń rò.

Ẹ gbé oúnjẹ ẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò ti ní máa kọjá. Ẹ wá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí ò ti ní kùn, ẹ ju ègé ẹran kékeré sí i kí ẹ máa lọ, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tó bá ti ń ju ìrù tó bá rí yín kí ẹ tó sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i.

Tó bá kùn, ẹ sún sẹ́yìn. Ajá tí wọ́n nà títí tí ò fi kùn mọ́ gan-an ló léwu, torí á kàn gé èèyàn jẹ láìkìlọ̀ ni.

Ajá tí ara ẹ̀ yá, tí ò tíì gé ẹnikẹ́ni jẹ, ni mò ń sọ o. Tó bá jẹ́ òjijì ló yí padà, ẹ gbé e lọ bá dókítà ajá, ó lè jẹ́ pé nǹkan ń dùn ún, kí ẹ sì bèèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, láti nǹkan bí oṣù 3 ló yẹ kó ti gbà á. Tó bá gé ọmọ jẹ pẹ́nrẹ́n, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gbé ọmọ lọ sọ́síbítù lójú ẹsẹ̀.