Ṣé dandan ni kí n ra fílítà ND (gíláàsì dúdú tí wọ́n ń fi síwájú lẹ́ǹsì láti dín ìmọ́lẹ̀ kù) kí n tó lè ya fíìmù níta lọ́sàn-án?

Tí ẹ bá fẹ́ ṣí lẹ́ǹsì sí f/2.8 (ihò lẹ́ǹsì tó fẹ̀ gan-an) kí ohun tó wà lẹ́yìn èèyàn lè rí bàìbàì, dandan ni. Fíìmù 25 fps (àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) máa ń fẹ́ shutter 1/50 (àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gba ìmọ́lẹ̀ fún ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá) kí ìrìn tó lè dán mọ́rán lójú. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, 1/50 àti f/2.8 ní ISO 100 (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára) á sọ ojú ọ̀run di funfun báláú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá sáré gbé shutter lọ sí 1/3200. Ìmọ́lẹ̀ á dínkù lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń ju ọwọ́ á máa ta kìjí-kìjí.

ND64 ló bá irú oòrùn yẹn mu: ìdá kan nínú 64 ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kó wọlé, ìyẹn stop mẹ́fà (stop kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì).

Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí (variable ND) yá jù lẹ́nu iṣẹ́. Polarizer méjì (fílítà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n sí apá kan ṣoṣo kọjá) ni wọ́n gbé léra wọn. Tí ẹ bá yí i kọjá ààlà, pàápàá lórí lẹ́ǹsì tó ń rí ibi tó fẹ̀, àmì X dúdú á yọ sójú àwòrán. Olówó pọ́ọ́kú inú wọn sì lè yí àwọ̀ ara èèyàn padà. Èmi á kúkú ra ND64 kan tó dáa.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì ⌀ níwájú lẹ́ǹsì, bíi 58 tàbí 67: ìwọ̀n fílítà tó bá lẹ́ǹsì náà mu nìyẹn, ní mìlímítà. Tí lẹ́ǹsì bá jẹ́ méjì, ẹ ra ti ńlá, kí ẹ fi òrùka step-up (òrùka tó ń jẹ́ kí fílítà ńlá wọ lẹ́ǹsì kékeré) so ó mọ́ kékeré.