"Mọ́mì, Kí Lẹ Ṣe?"

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọkọ mi gbá mi létí, ẹ̀ẹ̀kejì rè é, ó sì ti bẹ̀ mí. Àmọ́ nígbà tí mò ń sunkún ní yàrá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 7, wọlé wá bá mi, ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ ṣe tí Dádì fi nà yín?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìgbátí yẹn lọ. Ṣé ọmọ yìí ò fẹ́ràn mi ni? Lóòótọ́ mo máa ń nà án tó bá ṣorí kunkun, àmọ́ torí mo fẹ́ràn ẹ̀ ni. Ìyá Ọmọ

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọmọ yín fẹ́ràn yín, ohun tẹ́ẹ kọ́ ọ ló kà síta yẹn. Gbogbo ìgbà tí pàṣán bá bà á ló máa ń gbọ́ pé òun ló ṣẹ̀, àti pé ẹni tó ń na òun fẹ́ràn òun, kí lẹ wá fẹ́ kó rò nígbà tó rí yín lórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ̀ ń sunkún? Lọ́la tí ọkùnrin kan bá gbá òun náà létí ńkọ́, ẹ̀bi ara ẹ̀ lá máa wá kiri.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí ká tó fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, "bá wí" ni òwe yẹn wí, kò ní ká lù ú o! Sweden ti fòfin de nína ọmọ láti 1979, àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é láyé, àwọn ọmọ wọn ò sì tìtorí ẹ̀ ya ìpáǹle.

Ní ti ọkọ yín, kò sí ohun tẹ́ẹ ṣe tó tó ìgbátí, ọbẹ̀ ìbáà jóná. Ẹ má dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ sọ fún ẹnì kan tó lè gbà yín sílé lóru, ẹ kó sátífíkéètì yín àti tọmọ pamọ́ síbòmíì pẹ̀lú owó díẹ̀, tó bá sì ṣe yín léṣe ẹ lọ sí ọsibítù kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ pe ọmọ yẹn lálẹ́ òní, ẹ ní, "Mi ò ṣe nǹkan kan tó yẹ kí wọ́n nà mí fún, ìwọ náà ò ṣe nǹkan tó yẹ kí n nà ẹ́ fún, má bínú." Kò ní tètè gbà yín gbọ́ o. Ó lè fọ́ kọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, kó wá dúró síbẹ̀ kó máa wo ọwọ́ yín.